Ilé Òkú Létí Odò Seine: Ọ̀rọ̀ lórí Àwòrán Kan tí Charles Meryon Fín ní Ọdún 1854

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ wá síbí. Mi ò ní fi ìkíni jẹ àkókò yín. Àwòrán kan ṣoṣo ni mo mú wá. Kò tóbi ju ojú ewé ìwé tí ọmọ ilé-ìwé ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá sí lọ: gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 23, fífẹ̀ rẹ̀ sì dín díẹ̀ sí i. Kò sí àwọ̀ kankan lára rẹ̀ ju dúdú tàdáwà àti ara ìwé lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fẹ́ fi wò ó. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ilẹ̀ ti ṣú.

Orúkọ rẹ̀ ni La Morgue, ilé òkú. Charles Meryon, ọmọ ìlú Paris, ló fín in sára bàbà ní ọdún 1854.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà níbẹ̀ kí n tó sọ ẹni tó ṣe é. Ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí ojú wa máa gòkè lọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, létí omi, ọkọ̀ onígi tó ní òrùlé ni ẹ ó rí. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin alágbàfọ̀ ti máa ń fọ aṣọ ní Paris láyé ọjọ́un. Wọ́n á so ó mọ́ etí odò Seine, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á máa fi igi lu aṣọ. Lẹ́yìn ọkọ̀ náà ni etí omi wà, ibẹ̀ sì ni ọkùnrin méjì ti ń gbé òkú kan lọ, òkú tí wọ́n yọ nínú odò. Obìnrin kan wà lẹ́bàá wọn. Ó ti da orí sẹ́yìn, gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń ké. Ọlọ́pàá kan na ọwọ́ síwájú: ẹ gba ibí lọ. Lókè wọn ni ògiri òkúta etí odò, àwọn èrò sì to ara wọn sórí rẹ̀, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn àwọn èrò ni ilé òkú fúnra rẹ̀ wà, ilé kúkurú kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ gìdìgbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga-gíga wà, àjà lórí àjà, fèrèsé lórí fèrèsé, tí wọ́n fún ara wọn pinpin bí èrò ọjà. Èéfín ń jáde lórí òrùlé. Èéfín ìdáná ni. Ẹnìkan ń se oúnjẹ níbẹ̀.

Mo tún un sọ: òkú ń kọjá, ẹnìkan ń fọṣọ nísàlẹ̀, ẹnìkan ń dáná lókè. Ohun tí mo wá sọ lónìí dá lórí ìyẹn.

Kí ni ilé náà wà fún? Ẹ má fi mọ́ṣúárì ti òde òní wò ó, níbi tí ẹbí ń gbé òkú wọn sí títí di ọjọ́ ìsìnkú. Ilé òkú Paris wà fún òkú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹni tó bọ́ sódò, ẹni tó kú sójú pópó, ẹni tí wọ́n pa tí wọ́n gbé jù sílẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọn lọ. Wọ́n á tẹ́ wọn sórí òkúta tó dagẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn gíláàsì ńlá kan. Wọ́n á fi aṣọ tí wọ́n bá lára wọn kọ́ sẹ́bàá wọn. Wọ́n á wá ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé láìsan kọ́bọ̀, ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọdé pàápàá. Ìdí rẹ̀ ni pé bóyá nínú àwọn tó wọlé, ẹnìkan á dúró lójijì, á ní, "Háà, ọmọ ìyá mi nìyí."

Àwa Yorùbá máa ń wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ilé yẹn, ojú nìkan ló ṣẹ́kù fún òkú láti fi sọ orúkọ ara rẹ̀.

Kódà orúkọ ilé náà, ọ̀rọ̀ wíwò ló ti jáde. Ṣáájú ọdún 1804, inú ọgbà Châtelet ni ilé òkú wà, ọgbà tó jẹ́ ilé ẹjọ́ àti ẹ̀wọ̀n pọ̀. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní morgue. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ẹlẹ́wọ̀n dé, ibẹ̀ ni wọ́n á ti dá a dúró, tí àwọn wọ́dà á tẹjú mọ́ ọn dáadáa kí wọ́n lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ni orúkọ náà ti bọ́ sọ́dọ̀ òkú. Ní 1804 ni wọ́n kó àwọn òkú lọ sí ilé tuntun ní etí odò níbi tí wọ́n ń pè ní Marché-Neuf, lórí erékùṣù Île de la Cité, nítòsí afárá Saint-Michel. Ilé yẹn gan-an ni Meryon yà.

Ó sì dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni: púpọ̀ nínú àwọn tó ń wọlé kò wá ẹnikẹ́ni. Ìran ni wọ́n wá wò. Bí ìwé ìròyìn bá ti kọ ọ́ pé wọ́n rí òkú kan tó ṣe kàyéfì, èrò á kún ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń mú ọmọ dání wá. Àwọn arìnrìn-àjò láti òkèèrè pàápàá ń yà wò ó. Ó di ọdún 1907 kí ìjọba tó ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn olùwòran.

Ẹ padà wo àwọn èrò orí ògiri yẹn. Ìwọ̀nyẹn ni wọ́n. Òkú kò tíì dé inú ilé, ìran ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú àwòrán yìí, nítorí ọwọ́ tó ṣe é jẹ́ apá kan ohun tó ń wí. Ẹ̀yin tí ìyá yín bá ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ rí, kíá ni yóò yé yín. Aládìrẹ á fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní wọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàbà. Oníṣẹ́ á mú bàbà pẹlẹbẹ tó ti dán gbinrin, á fi ìda àti oje igi tí wọ́n pò pọ̀ bò ó, á fi èéfín àbẹ́là sọ ọ́ di dúdú. Lẹ́yìn náà á fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà kì í gé bàbà, ìda nìkan ló ń há kúrò. Nígbà tó bá yà á tán, á ri bàbà náà sínú ásíìdì. Ibi tí ìda ṣì bò, ásíìdì kò rí nǹkan ṣe sí i. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti tú sílẹ̀, ásíìdì á jẹ ẹ́ wọlé. Èyí ló fà á tí àwọn Faransé fi ń pe iṣẹ́ náà ní eau-forte, omi líle, tí í ṣe orúkọ ásíìdì yẹn láyé àtijọ́.

Ọgbọ́n tó kù wà nínú àkókò. Ìlà tó bá fẹ́ kó fẹ́lẹ́, kò ní jẹ́ kó pẹ́ nínú ásíìdì. Á yọ bàbà jáde, á fi nǹkan dí ìlà yẹn, á sì dá ìyókù padà. Ìlà tó bá fẹ́ kó dúdú kirikiri, ìyẹn á wọ inú ásíìdì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Torí náà, ojú ọ̀run tó mọ́ lójú àwòrán yìí àti inú fèrèsé tó ṣókùnkùn, àkókò ló là wọ́n. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á wá fi tàdáwà ra bàbà náà, wọ́n á nù ún títí yóò fi ku inú ìlà nìkan, wọ́n á tẹ́ ìwé tútù lé e, wọ́n á sì yí i kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ. Bí ìwé bá jáde, ohun gbogbo ti yí padà bí ìgbà tí ènìyàn wo dígí: ọ̀tún ti di òsì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé dúró bó ṣe dúró lóde, òdìkejì ni yóò yà á sórí bàbà. Ẹ ka fèrèsé inú àwòrán yìí, kí ẹ rántí pé òdìkejì ni ó ti yà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ta ni Meryon? Ní oṣù kọkànlá ọdún 1821 ni wọ́n bí i. Oníjó ní ilé ijó Opéra ìlú Paris ni ìyá rẹ̀. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá rẹ̀, kò sí ìgbéyàwó láàárín wọn. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Brest ní 1837, ọkọ̀ ogun tó ń jẹ́ Le Rhin sì gbé e dé New Zealand, ní Akaroa, láàárín 1842 sí 1846. Nígbà tó padà wálé, ó fi iṣẹ́ ojú omi sílẹ̀, ó ní ayàwòrán lòun fẹ́ dà. Ó tilẹ̀ ti pète àwòrán ńlá kan nípa bí wọ́n ṣe pa Marion du Fresne, ọ̀gá ọkọ̀ ọmọ Faransé, ní New Zealand ní 1772.

Ibẹ̀ ni ìṣòro ti dé. Ojú rẹ̀ kì í ya àwọn àwọ̀ kan sọ́tọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ọ̀dà ya àwòrán, tí kò lè mọ pupa yàtọ̀ bó ṣe yẹ! Mo máa ń ronú sí ọjọ́ tí ìyẹn dá a lójú. Kò sọ abẹ́rẹ́ nù torí pé búrọ́ọ̀ṣì kọ̀ fún un. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ bàbà lọ́dọ̀ Eugène Bléry, ó ń wo iṣẹ́ Reinier Nooms, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálàǹdì tó ti ya Paris ní igba ọdún ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Zeeman nítorí pé atukọ̀ ni òun náà. Ó dà á kọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi yọ́ nínú iṣẹ́. Láti 1850 sí 1854 ló fín àwọn àwòrán tó pè ní Eaux-fortes sur Paris, méjìlélógún lápapọ̀, ó sì fi àkójọ àwòrán náà bọlá fún Zeeman. Atukọ̀ ló jogún atukọ̀.

Àwọn yòókù nínú àkójọ náà lókìkí jù, pàápàá Le Stryge, ẹ̀dá oníwo orí ilé ìjọsìn Notre-Dame tó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń wo ìlú. Mo mọyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, La Morgue ló ga jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, mi ò sì ní yí ohùn padà. Nínú Le Stryge, ẹ̀dá òkúta ló ń wo ènìyàn láti òkè, ìlú sì wà lókèèrè réré. Nínú La Morgue, ènìyàn ló ń wo ènìyàn.

Ó wá ku ohun kan tí mo ní láti bá jà díẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1858, wọ́n gbé Meryon lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Charenton. Ó jáde ní 1859, wọ́n dá a padà ní 1866, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù kejì ọdún 1868, kò tíì pé ọmọ ọdún 47. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí La Morgue kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn nínú rẹ̀. Wọ́n á ní ògiri rẹ̀ dẹ́rù bani. Wọ́n á ní èéfín rẹ̀ ń sọ ohun tó ń bọ̀ wá bá orí rẹ̀.

Mi ò gbà. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìgbà tí àìsàn wọ inú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ wo èyí tó ṣe ní 1865 tó pè ní Le Ministère de la Marine. Ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ ojú omi ló yà, ní gbàgede Concorde, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run kún fún ẹja àbàmì àti ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó ń fò bọ̀ wá sórí ilé náà. Òkun tí ó ti fi sílẹ̀ ló ń wá a bọ̀. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá wò ó. Ṣùgbọ́n ní 1854, ojú ọ̀run La Morgue kò ní nǹkankan ju èéfín ìdáná lọ. Ọwọ́ tó ṣe é balẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dà rú kò lè fi sùúrù to fèrèsé báyẹn.

Ẹ̀rí mìíràn wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1860, ètò kan wà pé Baudelaire, akéwì tó ti yin Meryon gan-an nínú ohun tó kọ lórí àfihàn ọnà ọdún 1859, yóò kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ àwọn àwòrán Paris náà. Akéwì fẹ́ kọ àlá, ó fẹ́ kọ ìrònú alárìnkiri. Meryon kọ̀. Ohun tí òun ń fẹ́ ni kí wọ́n sọ ọ́ gbangba pé èyí ló wà lọ́tùn-ún, èyí ló wà lósì, kí wọ́n lọ yẹ ìwé àtijọ́ wò kí wọ́n lè mọ ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan. Ètò náà fọ́. Baudelaire bínú díẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà bí ẹni tó ń sọ nípa ọlọ́kàn dídàrú. Mo bọ̀wọ̀ fún akéwì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ayàwòrán ni mo wà. Ẹni tó fi òru kan òwúrọ̀ to fèrèsé lẹ́yìn fèrèsé ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n pe ilé ní orúkọ rẹ̀.

Èyí kò ní kí n pa á mọ́ pé kì í da ilé kọ bí ó ṣe rí lójú lásán. Ó máa ń fi pẹ́ńsù ya apá kékeré-kékeré, á wá so wọ́n pọ̀. Nínú Le Petit Pont, ẹsẹ̀ omi ló ti wo afárá, síbẹ̀ ó gbé ilé ìṣọ́ Notre-Dame ga ju bí ẹni tó dúró síbẹ̀ ti lè rí i lọ, torí ó fẹ́ kó rí bó ṣe ń rí lọ́kàn ẹni tó ń rìn nígboro. Bó bá ti to òkúta tán, ó mọ ibi tó yẹ kó gbé ọwọ́ ènìyàn sí.

Ní ọdún 1854 yẹn kan náà ló kọ ewì kan tó fi ti àwòrán yìí lẹ́yìn, tó sì fín òun náà sára bàbà. Ó pe ilé òkú ní ilé àlejò Ikú. Orúkọ yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Ilé àlejò ni ibi tí ẹni tí kò ní ilé nílùú ń sùn mọ́jú. Ta ló ń sùn ní Morgue? Alágbàṣe tó wá láti oko, tí kò rí iṣẹ́. Ọmọbìnrin tí wọ́n lé jáde. Ẹni tí ebi tì sínú odò. Lẹ́yìn ikú nìkan ni ìlú wá fún wọn ní ibùsùn, òkúta tútù, lẹ́yìn gíláàsì.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ kò ní pẹ́ yí padà. Ní 1853, ọdún kan ṣáájú àwòrán yìí, Napoleon Kẹta, olú-ọba Faransé, ti fi Haussmann jẹ olórí agbègbè Seine, ó sì ní kó tún Paris ṣe. Títún un ṣe náà, wíwó ni. Wọ́n wó ọ̀nà tóóró, wọ́n la títì fífẹ̀, wọ́n sì wó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó fún ara wọn pinpin lórí Île de la Cité. Ní 1864, wọ́n kó àwọn òkú lọ sí ilé mìíràn ní ìparí erékùṣù náà, lẹ́yìn Notre-Dame, ilé Marché-Neuf sì lọ. Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, ìjọba ìlú ní kí Charles Marville máa ya fọ́tò àwọn títì tí wọ́n fẹ́ wó. Fọ́tò rẹ̀ dára púpọ̀, mo gba gbogbo ẹni tó bá lè rí i nímọ̀ràn pé kó wò ó. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ayé ìgbà náà nílò àkókò gígùn kó tó rí nǹkan gbà, ẹni tó bá sì ń rìn á kàn pòórá ni. Torí náà títì Marville dá páropáro. Òkúta ló kù. Obìnrin tó da orí sẹ́yìn yẹn kò lè wọ inú fọ́tò láyé ìgbà náà. Ẹkún rẹ̀ á ti kọjá. Abẹ́rẹ́ nìkan ló lè mú un.

Mo sì fẹ́ kí ẹ kíyè sí i bí Meryon ṣe mú un. Kò sọ ọ́ di ńlá. Kò gbé e síwájú kó tóbi ju ilé lọ, bí ayàwòrán mìíràn ì bá ti ṣe kí ó lè pa wá lẹ́kún. Kékeré ni, kò ju èékánná lọ. Òkúta ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gba ásíìdì tó ti rẹ̀ gba. Fèrèsé tí ẹnikẹ́ni kò yọjú níbẹ̀ gba sùúrù tó ti òkú gba. Àwọn kan ní èyí jẹ́ àìláàánú. Èmi rí i ní òdìkejì. Ní ilé tí òkú ti ń dúró de ẹni tó máa wò ó dáadáa, Meryon wo ohun gbogbo dáadáa: ọkọ̀ alágbàfọ̀, ọwọ́ ọlọ́pàá, òrùlé, èéfín. Ó wo ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ bí ó ti wo ilé tí a mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn èrò orí ògiri náà ń wò ó, ṣùgbọ́n wọ́n á lọ sílé. Òun kò lọ. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló fi jókòó ti bàbà yẹn.

Mo ti mú ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta wá, wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, pẹ̀lú awò asọ-nǹkan-di-ńlá méjì. Ẹ dákun, kí àwọn àgbà kọ́kọ́ lọ. Ẹ gbé awò náà lé ibi tí ọlọ́pàá na ọwọ́ sí, kí ẹ máa tọ ọwọ́ rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ń darí àwọn ọkùnrin méjì náà sí.